Mo Fi Orúkọ Òkú Ọmọ Ọ̀rẹ́ Mi Kọrin

Kí la ti mọ̀ nípa orúkọ?

Ẹ má bínú, olùkọ́ ni mí. Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìgàndò, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun láìkọ́kọ́ bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ọ̀kan á nawọ́, á ní, "Àǹtí, orúkọ ni wọ́n fi ń pe èèyàn." Òmíràn á ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọlọ́gbọ́n inú wọn á ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Gbogbo wọn ló gbà á. Gbogbo rẹ̀ ni èmi náà mọ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn: kì í ṣe àìmọ̀kan ló tì mí.

Zulaihat ni orúkọ mi. Ilé oníyàrá mẹ́wàá kan ní Baruwa ni mò ń gbé, Ganiyat àti Rasaq ọkọ rẹ̀ sì wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Láti kékeré lèmi àti Ganiyat ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù kan ní Ìdímù. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, èmi ni mò ń lé orin, òun ló ń gbè. Ohùn mi fẹ́lẹ́, ó ń fò. Tirẹ̀ wúwo, ó ń gbé tèmi dúró. Àwọn èèyàn máa ń yìn mí. Kò sẹ́ni tó ń yin ẹlẹ́gbè.

Ní ọdún 2008, Ganiyat bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin. Wọ́n ti ra àgbò, wọ́n ti ránṣẹ́ sí ìyá Rasaq, Alhaja Mọ̀dínátù, ní Ọ̀yọ́. Ibà mú ọmọ náà ní òru ọjọ́ karùn-ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó ti lọ.

Ọjọ́ méjì péré ló kù kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ.

Èmi àti Ganiyat la wẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà kan láti mọ́sáláṣí ló ń júwe fún wa. Nígbà tí ìyá náà jáde lọ mú aṣọ funfun wá, Ganiyat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu kan etí ọmọ náà, ó ní, "Àwẹ̀ró."

Ẹ mọ Àwẹ̀ró, oríkì obìnrin ni: ẹni tí a wẹ̀ tán, tí a ró láṣọ. Bí a ṣe wẹ̀ ẹ́ nìyẹn, bí aṣọ rẹ̀ sì ṣe ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn.

Ó gbójú sókè, ó rí i pé mo gbọ́. "Zulai, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Má sọ fún Rasaq pàápàá. Ìyá wọn ló ni oríkì ọmọ náà láti fún un. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo sọ ọ́ lórúkọ kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n á ní èmi ni mo lé e lọ."

"Mo gbọ́," ni mo sọ. "Inú mi ló máa kú sí."

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀ ná, ká wá sórí iṣẹ́ orin mi.

Nígbà tó yá, orin àsàlátù kò tó mi mọ́. Mo fẹ́ kọ tèmi. Mo lọ bá Báyọ̀dé, tó ní sítúdíò yàrá kan ní Dọ̀pẹ́mu, páálí ẹyin ló lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri rẹ̀. Orin tí a jọ ń ṣe kì í ṣe orin ijó. Gìtá rẹ̀ máa ń dún bí omi tó ń kán sínú agbada. Báyọ̀dé á gba ohùn mi sílẹ̀, á tún fi ohùn mi kan náà bò ó, á tún bò ó, títí á fi dà bíi pé èèyàn méje ń sọ̀rọ̀ láti ojú oorun. Àwọn òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Orin àlá làwa ń pè é.

Orin mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ríbi lọ. Mo kọ ọ̀kan nípa òjò Ìkòtún, mo kọ òmíràn nípa fèrèsé. Bí mo bá gbé e fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. "Zulai, ṣé orin nìyí àbí ibà ń ṣe ẹ́ ni?"

Báyọ̀dé ló sọ èyí tó dùn mí jù. Ó yọ ohun tó fi bo etí, ó ní, "Ohùn ẹ dáa, jàre. Àmọ́ kò sẹ́nì kankan nínú orin ẹ. Yàrá tí wọ́n kùn lọ́dà dáadáa ni, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Lọ wá èèyàn sí i. Bí o kò bá rí i, má padà wá."

Ṣé ẹ rí bí ìdẹwò ṣe ń rìn? Kì í sọ fún ọ pé kó o jalè. Ohun tó o nílò ló ń fi hàn ọ́, á wá fi ọ́ sílẹ̀ nítòsí ohun ọlọ́hun.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi díẹ̀, mo wà nínú yàrá mi lọ́sàn-án. Ganiyat rò pé gbogbo ilé ti jáde. Ó ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga, ní abẹ́ fèrèsé mi gan-an. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

*Àwẹ̀ró, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́,*
*Àwẹ̀ró, aṣọ funfun ti délẹ̀.*
*Bó o bá dé ilé tí mi ò mọ̀nà rẹ̀,*
*dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, má tíì wọlé.*

Mi ò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí. Irun ara mi dìde. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kí n fi ìyá sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀.

Fóònù ni mo mú. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé.

Mo ní kí n kàn fi í pamọ́ ni. Bó ṣe kọ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tán, tó fẹ́ mú ẹsẹ̀ kejì, fóònù mi kún, ó já. Inú bí mi sí fóònù náà. Ẹ wò ó bí mo ṣe burú tó: olè tó ń bínú pé àpò òun kéré.

Ní Dọ̀pẹ́mu, mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é bí ọmọlúàbí. Mo yọ Àwẹ̀ró kúrò, mo fi "olólùfẹ́" sí i. Báyọ̀dé mirí. Mo fi "ọmọ mi" sí i. Ó tún mirí. Ó ní ohun kan ti kúrò níbẹ̀, kí n kọ ọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́.

Ó wá ní, "Ta ni Àwẹ̀ró?"

"Orúkọ lásán ni."

"Irọ́ lò ń pa, àmọ́ ìyẹn ò kàn mí. Dá a padà síbẹ̀. Orúkọ yẹn gan-an ni orin yẹn."

Mo dá a padà.

Orin náà jáde ní ọdún 2011. Rédíò kan gbé e lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún gbé e, ó wá di pé kò sí kẹ̀kẹ́ kan láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá tí kì í dún nínú rẹ̀. Wọ́n ń pè mí sí gbọ̀ngàn. Ìwé ìròyìn kan ya fọ́tò mi nínú aṣọ funfun, wọ́n kọ "Ìyá Orin Àlá" sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi Àwẹ̀ró fo okùn níta. "Àwẹ̀ró! Fò! Àwẹ̀ró! Fò!"

Mo dúró lójú fèrèsé kíláàsì, mò ń wò wọ́n. Mi ò ní kí wọ́n dákẹ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ ni Ganiyat ti gbọ́ ọ, nígbà tó ń ti Ìdímù bọ̀. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé orí òun ló ń dàrú. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí awakọ̀ ń gbè é.

Ó bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, kò pè mí ní "ẹ" rí láyé wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, olórin."

"Gani, jọ̀ọ́, wọlé ká sọ̀rọ̀."

"Ẹ má ṣèyọnu, mà. Èèyàn ńlá ni yín. Mo kàn ní kí n wá kí yín kú orí ire òkú ọmọ mi."

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Orúkọ lásán ni lójú wọn."

"Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ń pe ọmọ mi! Ó ń jẹ gúgúrú, ó ń pe ọmọ mi! Èmi tí mo bí i, inú omi ọṣẹ ni mo ti ń pè é, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́."

Ojú tì mí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí ojú bá tì tí kò fẹ́ tọrọ àforíjì, ìbínú ló máa ń bọ́ sí. Mo ní, "Ṣebí èmi ni mò ń lé orin látọjọ́ yìí, ìwọ lò ń gbè. Ta ló ń dárúkọ ẹlẹ́gbè?"

Ó wò mí látòkèdélẹ̀.

"Òótọ́ ni. Mo gbè fún ọ ní àsàlátù. Ìwọ ńkọ́, Zulai? Nígbà tí mò ń rọbí, ṣé o gbè mí?"

Mo wo ilẹ̀, òun sún mọ́ mi.

"Yọ orúkọ ọmọ mi kúrò nínú orin yẹn."

"Màá yọ ọ́."

"Búra."

"Mo fi Ọlọ́run búra."

Mi ò yọ ọ́. Báyọ̀dé ní ta ló máa gbọ́ orin náà láìsí orúkọ? Mo ní òótọ́ ló sọ. Kò pé oṣù méjì, Matilda, obìnrin kan tó ń ṣe ètò àárọ̀ lórí rédíò, pè mí wá.

Ó ní, "Àwọn olùgbọ́ wa ò jẹ́ n sinmi o. Ẹ gbà wá. Ta ni Àwẹ̀ró?"

Mo lè sọ pé ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Mo lè sọ pé mi ò ní sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ọmọ mi ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà ló jẹ́ tó fi kú."

Matilda fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wá láago, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Mò ń ṣe àmín. Ẹ gbọ́ mi yé: mò ń ṣe àmín sí àdúrà ọlọ́mọ.

Ẹnì kan kò sunkún. Alhaja Mọ̀dínátù ti wá láti Ọ̀yọ́ nígbà yẹn, ó ti ń gbé pẹ̀lú Rasaq àti Ganiyat ní Baruwa, rédíò rẹ̀ kò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Zulaihat ò lóyún rí. Mo bi gbogbo ilé yìí, wọn ò rí oyún nínú ẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, aṣọ funfun. Ganiyat, ọmọ ta lọmọ yẹn?"

Ganiyat kì í purọ́. Òun kọ́ ni èmi. Ó ní, "Ọmọ wa ni, mà."

"Ta ló sọ ọ́ ní Àwẹ̀ró?"

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ! Kó tó pé ọjọ́ mẹ́jọ! Oríkì tí mo gbé ti Ọ̀yọ́ wá, tí mo tún gbé padà lọ pẹ̀lú omijé, o ti fi òmíràn rọ́pò ẹ̀? Ta ló fún ọ láṣẹ láti fún ọmọ ilé wa ní oríkì? O pè é jáde lọ́wọ́ wa, o wá pè é sọ́nà ọ̀run!"

"Mà, ó ti kú kí n tó pè é."

"Ta ló jẹ́rìí?"

Èmi ni ẹlẹ́rìí. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Bí mo bá jáde, màá sọ pé òótọ́ ló sọ, òkú ọmọ ló pè lórúkọ. Màá tún sọ pé irọ́ ni mo pa lórí rédíò láàárọ̀.

Mi ò jáde.

Rasaq ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Ọdún mẹ́ta ni, Ganiyat. Ọdún mẹ́ta lo ti ń pè é, èmi ò mọ orúkọ ọmọ mi. Rédíò ló sọ fún mi."

Ní ọjọ́ kejì, Alhaja ní kí Ganiyat lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Dọ̀pẹ́mu títí òun á fi mọ ohun tí òun máa ṣe. Ganiyat gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá pẹ̀lú àpò kan. Kò wò mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Matilda tún pè mí, fún ètò kan tí wọ́n fẹ́ ṣe fún àwọn ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́. Mo lọ. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí mo lọ. Mo ti ń gbádùn bí wọ́n ṣe ń ṣàánú mi ni.

Ẹni kẹta tó tẹ̀ wá láago ni èyí tí mi ò ní gbàgbé.

Matilda ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà. Ta là ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ganiyat. Baruwa ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ kú àárọ̀, olórin."

Matilda ní kó máa sọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè díẹ̀. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n fẹ́ràn ìbéèrè. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Àwẹ̀ró."

"Ọjọ́ Àlàmísì," ni mo dáhùn.

"Wọ́n gbà á. Ẹsẹ̀ wo ló ní àmì?"

"Ẹsẹ̀ òsì."

"Wọ́n tún gbà á o! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹni tó bá ẹ wẹ ọmọ máa mọ àmì ara ọmọ."

Matilda ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ yín ò yé mi."

"Á yé yín. Orin yẹn ní ẹsẹ̀ kejì. Ẹ ní kí ìyá Àwẹ̀ró kọ ẹsẹ̀ kejì fún wa."

Máìkì wà níwájú mi. Mo gbọ́ èémí ara mi nínú ohun tí wọ́n fi bò mí létí. Ohùn mi tí Báyọ̀dé máa ń sọ di méje, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wá.

Mo ní, "Orin náà... orin náà ò ní ẹsẹ̀ kejì."

"Ó ní. Ibi tí etí olè gbọ́ dé lo ti dúró."

Matilda wò mí. Ojú tó fi wò mí yẹn, mi ò rí i lójú ẹnikẹ́ni rí. Ó wá rọra sọ sínú máìkì pé, "Mà, ṣé ẹ̀yin lè kọ ọ́ fún wa?"

"Rárá," ni Ganiyat wí. "Òun nìkan ló kù tí wọn ò tíì máa jẹ gúgúrú sí. Tèmi nìyẹn."

Ó pa fóònù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe tú nìyẹn, lójú gbogbo Èkó. Kí n tó dé Baruwa, Alhaja Mọ̀dínátù ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dè mí. Ó ní kí n wá jẹ́rìí. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́rìí pé ọmọ ti kú kí ìyá rẹ̀ tó pè é. Alhaja fetí sí mi títí mo fi sọ ọ́ tán, ó wá tutọ́ sílẹ̀ nítòsí orúnkún mi. "O mọ èyí lọ́jọ́ tí mò ń lé ìyàwó mi jáde, o sì wà nínú ilé." Rasaq ti lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní Dọ̀pẹ́mu. Wọn ò padà wá gbé ilé náà mọ́.

Àwọn òbí kan mú ọmọ wọn kúrò ní kíláàsì mi. Ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ "olè òkú" sí pátákó ìkọ̀wé mi. Báyọ̀dé ní àsìkò yìí gan-an ló yẹ ká kọ orin nípa rògbòdìyàn náà. Mo jáde ní sítúdíò rẹ̀, mi ò padà síbẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Ganiyat lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta ló ṣílẹ̀kùn, kò sì sún kúrò lójú ọ̀nà.

"Dárí jì mí, Gani. Mo ti ní kí àwọn rédíò má gbé e mọ́."

"Àwọn tó ń gbé e lẹ́nu ńkọ́?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Lọ gbà á lẹ́nu wọn," ó ní, ó pa ilẹ̀kùn dé.

Mo gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 2014, wọ́n pè mí sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkòtún, orin náà ni wọ́n sì ń béèrè. Mo ní màá kọ ọ́, àmọ́ nígbà tó bá kan orúkọ, màá dákẹ́, kí àyè rẹ̀ ṣófo fún Ganiyat. Gìtá bẹ̀rẹ̀. Ó kan orúkọ. Mo pa ẹnu dé.

Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo pé, "ÀWẸ̀RÓ!"

Wọ́n rò pé àwọn ni mo fi í sílẹ̀ fún. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé fóònù sókè. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí pèpéle, mi ò parí ẹsẹ̀ náà, mi ò sì kọ ọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Mo ṣì ń kọrin. Ẹni ogún, ẹni ọgbọ̀n ló ń wá gbọ́. Òjò àti fèrèsé ni mò ń kọ nípa wọn, àti èmi fúnra mi, torí pé àṣírí ara mi nìkan ni mo láṣẹ láti tú. Bí ẹlòmíràn bá fẹ́ wọ inú orin mi, màá kọ́kọ́ lọ kọ ọ́ fún un ní ojúkojú. Bó bá ní rárá, ibẹ̀ ló parí sí.

Ẹ̀kọ́ wa parí, ó ku iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ṣì ń gbé orin yẹn nínú kẹ̀kẹ́, mo mọ̀, ẹ̀yin náà á sì gbọ́ ọ láìpẹ́. Ó dùn, ẹ ó fẹ́ gbè é. Ẹ gbè é tó bá wù yín. Àmọ́ nígbà tó bá kan orúkọ, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kò mọ ẹni tó jókòó tì yín.